Ìtọ̀ Tí Mo Pè Ní Orí Fífọ́

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo dúró nínú balùwẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, ẹ̀kán ìtọ̀ kan ò jáde. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, ikùn mi ti le débi pé eṣinṣin tó bà lé e yọ̀ ṣubú. Omi inú mi lè rin gbogbo oko kòkó mi ní Ẹdúnàbọ̀n títí òjò fi máa dé.

Ṣadé ọmọ mi gbé mi dé ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ní ọsibítù, ó sì lọ gba káàdì. Ta ni mo bá lórí bẹ́ǹṣì? Ìyá ọkọ Ṣadé, ó gbé àbúrò rẹ̀ wá. Ibi tá a ti ń kíra ni nọ́ọ̀sì bá wa.

"Bàbá, kí ló ń ṣe yín?"

Mo wo àna mi. Ṣé iwájú ẹni tó ń kúnlẹ̀ kí mi ni kí n ti máa ròyìn abẹ́ ṣòkòtò?

"Orí ló ń fọ́ mi, ọmọ mi."

"Ẹ ní sùúrù, a ó pè yín."

Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ lè ṣe, ẹ gbọ́: wọn kì í wo ọjọ́ orí níbẹ̀, wọn kì í sì í wo ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le jù ni wọ́n ń mú. Ẹlẹ́jẹ̀ wọlé, ọmọ tí gìrì mú wọlé, èmi olórí fífọ́ jókòó fún wákàtí mẹ́ta. Inú bí mi. Àwọn kan ń sá lọ nítorí ebi, àwọn kan nítorí ẹ̀rù. Èmi, irọ́ ara mi ló lé mi. Ṣadé ṣì wà lórí ìlà káàdì nígbà tí mo yọ́ jáde, mo gun ọ̀kadà, ó di ilé mi ní Mayfair.

Kòtò àkọ́kọ́ tá a já sí, mo ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò ní kú sórí ọ̀kadà mi o!" Ọlọ́kadà ò bi mí, ó ṣẹ́rí padà sí ọsibítù.

"Ṣé orí náà ni, Bàbá?" ni nọ́ọ̀sì wí.

"Orí kọ́! Mi ò lè tọ̀ látàárọ̀!"

Àna mi ṣíjú wò mí. "Subuhanallahi! Àna mi, ìtìjú lẹ fẹ́ kú fún? Ọkọ mi gbé rọ́bà ìtọ̀ kiri fóṣù méjì, kò pa mọ́ṣáláṣí jẹ."

Wọ́n mú mi wọlé lójú ẹsẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n tì bọ ojú ìtọ̀ mi ta mí gan-an, mi ò ní parọ́ fún yín, àmọ́ nígbà tí ìtọ̀ ya wálẹ̀, omijé ayọ̀ tẹ̀ lé e. Dókítà ní próstéètì ni, kókó kan nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, tó máa ń wú bí ọkùnrin bá ń dàgbà, tó sì ń fún ọ̀nà pa. Ó ní ká ní mo sùn mọ́jú bẹ́ẹ̀, kíndìnrín mi ì bá bà jẹ́. Oògùn ni mo lò, wọ́n sì yọ rọ́bà náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Àádọ́rin ọdún lé ni mo fi ń tọ̀, mi ò dúpẹ́ rẹ̀ rí. Ní báyìí, bí mo bá wọ balùwẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń tẹ́tí sí ìró rẹ̀. Ìyàwó mi á kanlẹ̀kùn:

"Bàbá Ṣadé, ṣé kò sí?"

"Kò sí nǹkan kan. Jẹ́ n gbádùn ẹ̀ jàre."