Àtẹ́lẹwọ́ ní Agric

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá, nígbà tí aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, tí mo ń pè ní ìyá, dúró létí títì ní Agric, ní Ìkòròdú. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹ̀pẹ́ ni ìyá ń gbé. Ojú wọn tó ń ṣe bàìbàì ló gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi, ilé ìwòsàn ojú sì wà ní òdìkejì títì. Àwọn ọmọ wọn ti sọ ọ́ gbangba pé bí ojú náà kò bá sàn, ìyá kò ní í dá sọdá títì lọ sí ọjà ẹja mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wọ́n ju ojú lọ.

Ìlà funfun tí a kùn síbẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ ti parẹ́ débi pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè rí i. Mo bọ́ sórí rẹ̀, mo di ìyá lọ́wọ́ mú, mo sì gbé ọwọ́ kejì sókè, àtẹ́lẹwọ́ sí ọkọ̀, ìka yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i nínú ìwé òfin ojú pópó.

Ọkọ̀ búrẹ́dì kan tẹ bíréèkì lójijì. Awakọ̀ rẹ̀ yọrí síta.

"Alàgbà, kí ni mo fi ṣe yín tẹ́ ẹ fi ń na ìka márààrún sí mi láàárọ̀? Ìyá mi tẹ́ ẹ ń bú yẹn ti kú o."

Èmi tí mo fi èdè ṣe iṣẹ́ ni mo gbàgbé pé lọ́dọ̀ wa, ìka márùn-ún tí a yà sí ènìyàn lójú, èébú ìyá ni. Mo fẹ́ ṣàlàyé. Ìyá ò jẹ́, wọ́n kọjú sí awakọ̀ náà.

"Ọkọ mi, má dá a lóhùn. Ìwé ló mọ̀ ọ́n kà, kò mọ ọwọ́ kà."

Wọ́n kó ìka jọ, wọ́n dojú àtẹ́lẹwọ́ kọ ilẹ̀, wọ́n sì rọra tẹ afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn lójú fèrèsé láti dá àwọn ọlọ́kadà dúró, ó ní kí màmá máa kọjá, kí wọ́n sì kọ́ ọmọ wọn.

Nígbà tí a sọdá, mo béèrè ẹni tó kọ́ wọn. Wọ́n ní létí ọ̀sà ni ìyá àwọn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì, kí ìgbì má baà dojú ọkọ̀ kékeré dé. Láti ìgbà náà ni mo ti ń dán an wò ní Agric. Àwọn kan ń dúró. Àwọn kan kì í dúró.

Ojú ìyá kò sàn tán. Síbẹ̀, wọ́n padà sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì ń dá lọ sí ọjà. Nígbà tí mo bẹ̀ wọ́n wò, mo dúró lókèèrè: wọ́n na ọwọ́, bọ́ọ̀sì kan rọra dúró, wọ́n sọdá. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n rí ọkọ̀ náà.

"N ò rí i," ni wọ́n wí. "Mo gbọ́ ọ."

Bóyá ọwọ́ yẹn ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà rí, tàbí ewú orí wọn, tàbí èrò ló fẹ́ já sílẹ̀ níbẹ̀, n kò tíì mọ̀.