Omi Thames Lójú Oòrùn Peckham

Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ ìwádìí mi ní yunifásítì wò mí lójú, ó ní oòrùn London ò lè bá mi sọ omi odò di mímọ́. Ó ní kí n lo gílóòbù, àbí kí n yan iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fún mi. Inú bí mi gidigidi. Níbi tí wọ́n bí ìyá mi sí, omi odò ni wọ́n ń mu, iná mànàmáná ò sì débẹ̀ rí. Ta ló fẹ́ gbé gílóòbù lọ bá wọn? Oòrùn ni mo fẹ́, oòrùn náà ni mo máa lò.

Iṣẹ́ ọ̀hún ò lọ́jú pọ̀. Èèyàn á bu omi odò, á fi iyọ̀ irin díẹ̀ àti pẹrọ́sáìdì, oògùn olómi tí wọ́n fi ń fọ egbò, sí i, á gbé e sóòrùn. Bí oòrùn bá ṣe ń ta sí i, ewé jíjẹrà àti ìdọ̀tí tó mú omi pọ́n á máa jóná nínú omi tútù, láìsí èéfín. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá tí òjò ò jẹ́ ká gbádùn, mo pọn omi Thames ní Bermondsey, mo rọ ọ́ sínú ìgò méje, mo tò wọ́n sí bákónì wa ní Peckham. Mo fi fọ́ìlì wé ọ̀kan kí oòrùn má bàa kàn án. Bí mẹ́fà bá mọ́, tí tinú fọ́ìlì ò mọ́, a jẹ́ pé oòrùn ló ṣe é. Mo bá gba ibi iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, gbogbo ìgò ló mọ́ gaara. Mo fò sókè. Mo tú fọ́ìlì, òun náà mọ́! Ẹrẹ̀ sì jókòó sí ìsàlẹ̀ gbogbo wọn.

Mo pe ìyá mi, tí a jọ ń gbé. “Mummy, kí lẹ fi sínú omi mi?”

“Álọ́ọ̀mù ni now. Omi yẹn dirty gan-an. Ṣé bẹ́ẹ̀ lo fẹ́ ṣe mu ún ni?”

Omi álọ́ọ̀mù ni wọ́n mu dàgbà. Ṣùgbọ́n álọ́ọ̀mù kàn ń kó ìdọ̀tí sísàlẹ̀ ni, kì í pa á run. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló sì kù. Ọkàn mi ní kí n ju ìgò inú fọ́ìlì nù, kí n ya fọ́tò mẹ́fà tó kù. Ta ló máa mọ̀? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Mo da gbogbo rẹ̀ nù. Mi ò ní fún ọ̀gá mi yẹn ní ẹ̀rí tó máa fi mú mi.

Ìyá mi ò bẹ̀bẹ̀. Wọ́n wọ bàtà, wọ́n ní ká lọ pọn òmíràn. Nínú bọ́ọ̀sì, nígbà tí à ń bọ̀ wálé, àwọn èèyàn ń wo kẹ́ẹ̀gì wa, wọ́n ń fọwọ́ bo imú. “Jẹ́ kí wọ́n máa wò,” ni Mummy wí.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn yọ, mo sì tún to ìgò méje síta bíi ti àkọ́kọ́, ọ̀kan nínú fọ́ìlì. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, ìgò mẹ́fà ti mọ́, kò sí ẹrẹ̀ kankan nísàlẹ̀ wọn. Mo tú fọ́ìlì. Omi inú rẹ̀ ṣì pọ́n bíi tíì. Mo ya fọ́tò gbogbo wọn, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi.

Ó fèsì pé òun fún mi láyè kí n máa lo oòrùn. Ẹ̀rín pa mí. Mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo kàn fi tó o létí pé ó ti ṣeé ṣe ni.