Púpurú Lẹ́sẹ̀ Ilẹ̀kùn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n tú àṣírí ara mi fún yín lónìí. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ló fà á. Wọ́n ń wo fíìmù kan lánàá: dókítà obìnrin láti ìlú ńlá dé ìlú kékeré, ó ṣubú sínú ẹrẹ̀, ọkùnrin kan fà á dìde, ìfẹ́ dé! Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣé wọ́n mọ̀ pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí?

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà. Nọ́ọ̀sì ni mí, Èkó ni wọ́n bí mi sí, wọ́n wá gbé mi lọ sí mátánítì kan ní Ìkọ̀yà, nítòsí Òkìtìpupa. Mo ti wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ní sinimá Èkó, ti òyìnbó. Nínú wọn, ọmọ ìlú ńlá ló máa ń la ará oko lójú. Ohun tí mo gbé sọ́kàn lọ nìyẹn o! Mi ò jẹ́ bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Akínwálé, tíṣà ni. Ó fẹ́ fẹ́ mi, èmi náà fẹ́ ẹ, ó ku kí ìyá rẹ̀ gbà. Àgbẹ̀ ni ìyá yìí, olórí àwọn obìnrin ìjọ Àládúrà wọn sì ni. Bí wọ́n bá ní rárá, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Akínwálé gun kẹ̀kẹ́ dé, ó kó nǹkan roboto méjì lé mi lọ́wọ́. Wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò, wọ́n sì wúwo. Ó ní ìyá òun ní kí òun kó púpurú wá fún mi. Púpurú kẹ̀? Mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi! Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, òun náà sì sáré lọ síléèwé.

Mo gbóòórùn ẹ̀, èéfín ni. Mo gbé ọ̀kan sábẹ́ tábìlì. Ilẹ̀kùn mi kì í dúró bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, mo bá fi ìkejì dá a dúró. Ó kúkú ṣiṣẹ́ dáadáa!

Ní Sátidé, ìyá fúnra wọn wá kí mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n wọlé. Wọn ò wọlé. Ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn ni wọ́n ń wò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbé oúnjẹ wọn, wọ́n fi etí aṣọ nù ún, wọ́n sì padà lọ. Yéè, mo gbé!

Nírọ̀lẹ́, Akínwálé dé, ojú rẹ̀ le. Ó ní ìyá òun ń béèrè bóyá irú ìyàwó tó ń fi ẹsẹ̀ gbá oúnjẹ ni òun fẹ́ mú wálé. Ojú tì mí, mo sunkún. Ká ní fíìmù ni, òjò ì bá rọ̀, Akínwálé ì bá gbá mi mọ́ra. Òjò ò rọ̀ o! Ó ní ọ̀rọ̀ náà ju agbára òun lọ, kí n lọ bá ìyá òun.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo bá wọn nílé ìdáná. Púpurú pọ̀ lórí àjà lókè iná, èéfín ń rú sí i. Mo kúnlẹ̀, mo sọ òótọ́: mi ò mọ̀ pé oúnjẹ ni, ìgbéraga ni ò jẹ́ kí n béèrè. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní ṣé òkúta ni mo pè é? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Háà! Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n di òpó mú.

Wọ́n na ọ̀bẹ sí mi, wọ́n sì ń sọ bí n ó ṣe ṣe é. Mo ha ẹ̀yìn dúdú náà kúrò títí funfun ẹ̀gẹ́ fi yọ, mo gún un, mo jọ̀ ọ́, mo rò ó nínú omi gbígbóná. Kókó kún inú ẹ̀ bámúbámú. Ìyá jẹ ẹ́ tán. Mo mọ̀ pé mo ti rílé ọkọ.

Títí wọ́n fi kú, gbogbo ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí mi, wọ́n á ní, “Ẹ sọ fún Nọ́ọ̀sì pé jíjẹ ni o!”

Abéèrè kì í ṣìnà, òótọ́ ni. Kí lẹ̀yin náà ti fi ìtìjú ṣe láìbéèrè? Ẹ sọ ọ́ síbí, mi ò ní fi yín ṣẹ̀sín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi púpurú ránṣẹ́ sí ìyàwó tí ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ l'Èkó. Ó pè mí lórí fóònù lójú ẹsẹ̀: “Màmá, ẹ má bínú o, kí la ń fi eléyìí ṣe?”

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, “Ọmọ mi, jíjẹ ni o.”