Fóònù Tó Ní Kí Màmá Àfúsá Dá Jẹun

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí, mo sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, nígbà tí àwọn ọlọ́gbọ́n kan gbéra láti Kútọnu wá sí Ṣábẹ̀ẹ́ láti wá kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń jẹun. Àwa tí a ti ń jẹun láti ìgbà tí a ti hu eyín, a kò mọ̀ pé a kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ti ṣe aplikasíọ̀n kan, ìyẹn ètò inú fóònù, tí yóò máa gba èèyàn níyànjú láti jẹ oúnjẹ tó ń ṣara lóore. Ohun tó kù ni kí wọ́n mọ ohun tí àwọn èèyàn ń fẹ́ kí ó ṣe. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe létò tó: wọ́n kọ́lé tán, wọ́n wá ń bi onílé pé yàrá mélòó ló fẹ́. Wọ́n ń wá ẹni tó gbọ́ Faransé tó sì gbọ́ èdè wa, ni wọ́n bá gbà mí síṣẹ́.

Wọ́n fún mi ní fíṣì, ìwé ìbéèrè. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù: “Kí ni ẹ ń fẹ́ kí aplikasíọ̀n yìí ṣe fún yín?” Ìdáhùn mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀, kí n fàmì sí ọ̀kan: kí ó máa ṣírò agbára oúnjẹ, kí ó máa fi àwòrán oúnjẹ hàn, kí ó máa kí yín kú oríire. Nínú àwòrán oúnjẹ wọn, èso ápù wà níbẹ̀, wàrà inú ike wà níbẹ̀. Iṣu kò sí. Ní Ṣábẹ̀ẹ́!

Mẹ́tìrì ni a ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa. Àgbẹ̀ kan ní abúlé Sakin bi mí pé, “Mẹ́tìrì, ṣé fóònù náà yóò bá mi kọ ebè?”

“Rárá, Bàbá. Yóò máa rán yín létí pé kí ẹ máa lo ara yín dáadáa.”

Ó wo ọkọ́ tó wà léjìká rẹ̀, ó wò mí. “Ẹ kú iṣẹ́ o.”

Mo fàmì sí “kú oríire”.

Ti Màmá Àfúsá, aládùúgbò mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Dókítà ti sọ fún un pé ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí ó dín iyán kù, ó sì fún un ní oògùn tí wọn kì í lò láìjẹun. Orogún rẹ̀, Ìyá Sákà, ló ń dáná. Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú, inú abọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun. Lọ́dọ̀ wa, bí orogún méjì bá ń jẹ nínú abọ́ kan, ìjà ti tán. Bí ọ̀kan bá bu tirẹ̀ sọ́tọ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìdí: gbogbo ilé ti mọ̀ pé ó ń bẹ̀rù májèlé lọ́wọ́ ẹnì kejì ni.

“Màmá, kí ni ẹ ń fẹ́ kí fóònù ṣe fún yín?”

Ó wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Kí ó bá mi sọ fún Ìyá Sákà pé iyán ń pa mí lára. Èmi ò lè sọ ọ́. Yóò ní mo kọ oúnjẹ òun.”

“Ìyẹn kò sí lára ìdáhùn, Màmá. Ẹ mú ọ̀kan nínú mẹ́ta.”

“Ohun tí mo ń fẹ́ nìyẹn, Mẹ́tìrì.”

“Ẹ mú ọ̀kan.”

“Ó dáa. Ẹ bá mi mú èyí tó bá wù yín.”

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi ń na ìka sí àwọn ọmọ pé kí wọ́n má kọ nǹkan sí etí ìwé. Èmi kọ́ ni n ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Mo fàmì sí “kú oríire”. Mo wá fi aplikasíọ̀n náà sínú fóònù rẹ̀ kí ó dán an wò, mo sì ka òfin kìíní fún un: bu oúnjẹ rẹ sínú àwo tìrẹ, ya fọ́tò rẹ̀, kí o tó jẹ ẹ́. “Ẹ tẹ̀lé e dáadáa o,” ni mo wí.

Ó tẹ̀lé e. Ìyá Sákà wo àwo, ó wo fóònù.

“Ìyálé mi, ẹ̀rí ni ẹ ń kó jọ? Ta ni ẹ fẹ́ fi hàn?” Ó dé ìkòkò rẹ̀. “Láti ọ̀la lọ, ẹni tó bá ń bẹ̀rù ọwọ́ mi, kó dáná tirẹ̀.”

Fóònù tan ìràwọ̀ kan: kú oríire!

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Màmá Àfúsá, tí kò ní ẹni tó ń dáná fún un mọ́, lo oògùn láìjẹun, ó sì ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. A gbé e dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì bínú: “Ta ló ní kí wọ́n máa lo oògùn yìí lórí ikùn òfìfo?”

Mo wo fóònù. Fóònù kò fọhùn. Ó wá ku èmi.

Ìyá Sákà ká ọwọ́ lérí níta. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

“Ṣúgà? Ẹ̀yin mọ̀, fóònù mọ̀, àwọn ará Kútọnu mọ̀, èmi tí mò ń se oúnjẹ ni kò mọ̀? Mẹ́tìrì, ta ni ẹ tilẹ̀ kọ́ níwèé gan-an?”



Nígbà tí Màmá Àfúsá padà sílé, abọ́ kan ṣoṣo ni Ìyá Sákà gbé sílẹ̀: iyán tí kò ju ìkúùkù lọ, ẹ̀fọ́ àti wàgàṣí, wàrà àwọn Fúlàní, bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n wẹwọ́, wọ́n jọ ń jẹ. Nígbà tí ọwọ́ Màmá Àfúsá tún ń lọ síbi iyán, Ìyá Sákà fi ìgbọ̀nwọ́ darí rẹ̀ sí ẹ̀fọ́. “Ó tó, Ìyálé mi.” Ìràwọ̀ kankan kò tàn.

Mo fa igi lé àmì tí mo ṣe fún Màmá Àfúsá, mo kọ ọ́ sí etí fíṣì: “Ó ń fẹ́ kí ẹnì kan bá a sọ fún ẹni tó ń dáná.” Àwọn ará Kútọnu dá a padà. Wọ́n ní ẹ̀rọ àwọn kì í ka etí ìwé, àti pé mi ò létò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnì kan jẹun ire, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó ń dáná fún un lọ. Bí èèyàn bá sì sọ ohun tó ń fẹ́ fún yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ etí ìwé nìkan ni àyè kù sí.