Àárọ̀ Tí Mo Gbá Yìnyín Ọmọ Mi Dànù

Mo ṣì ń gbọ́ bí ṣọ́bìrì mi ṣe ń ha kọnkéré láàárọ̀ ọjọ́ náà, níwájú ilé wa ní Cheverly, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọdún kejì lẹ́yìn ikú ìyàwó mi ni. Èmi àti ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló kù nínú ilé. Olùkọ́ rẹ̀ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fi rúlà wọn bí yìnyín ṣe ga tó lẹ́yìn ìjì yìnyín mẹ́ta, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì kà á ní kíláàsì. Ọmọ mi ti wọn méjì. Pákó pẹlẹbẹ kan ló tẹ́ sí àgbàlá kí yìnyín lè balẹ̀ sórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta rọ̀ mọ́jú. Ìyá mi a máa sọ pé ilẹ̀ tí oòrùn bá bá láìgbá, ọ̀lẹ ló ń gbé ibẹ̀. Mo kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà, mo gbá pákó náà mọ́ tónítóní, mo tún da iyọ̀ lé e kí omi ibẹ̀ má baà dì. Inú mi dùn sí ara mi.

Ọmọ mi jáde tòun ti rúlà. "Dádì, yìnyín mi dà?"

"Mo ti bá ọ gbá a."

"Ẹ tún fi iyọ̀ sí i! Ṣé ẹ fẹ́ sè é ni?" Ó bú sẹ́kún.

Mo ní kó kọ íǹṣì márùn-ún.

"Ṣé ẹ wọ̀n ọ́n ni?"

"Ó dé ọrùn ẹsẹ̀ mi."

"Ọrùn ẹsẹ̀ yín kì í ṣe rúlà, Dádì."

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó ṣe ìdánwò àṣejáde ilé-ìwé girama. Ohun tí mo mọ̀ nípa ìwé ni pé a kì í fi àlàfo sílẹ̀. Ọmọ náà kọ ọ́ pé: "Kò sí ìwọ̀n. Bàbá mi gbá a. Ó ní ó dé ọrùn ẹsẹ̀ òun."

Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo bá a lọ sí kíláàsì láti bẹ olùkọ́. Nígbà tí ọmọ mi kà á, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rí ọrùn ẹsẹ̀ náà."

Mo ká ṣòkòtò sókè. Ọmọ mi kúnlẹ̀, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n tòun ti bàtà. Íǹṣì mẹ́rin ni, kò tó márùn-ún.

Ó ti wà ní yunifásítì báyìí. Lọ́dún tó kọjá, ó bi mí bí ìyá rẹ̀ ṣe lo wákàtí ìkẹyìn ayé rẹ̀. Ohun tí mo ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn ni pé ó sùn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo sọ fún un pé n kò mọ̀. Ojú ọ̀nà ni mo wà, mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

Ó ní, "Ẹ ṣé, Dádì."