Orúkọ Àbúrò Mi Ni Mo Fi Ṣeré

Bí ẹ bá bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mí, màá kọ́kọ́ bi yín pé èwo lẹ fẹ́, ti ìwé ni àbí ti ìyá mi? Ọdún mẹ́rin ló wà láàárín méjèèjì. Àbúrò mi ló ni ọdún mẹ́rin yẹn, mo sì fi jẹun fún ọdún mẹ́rìndínlógún.

Mo ga. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn, torí òun ni gbogbo ẹ̀bùn tí mo ní. Àkàbà ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, ìyá mi kì í sì í bẹ ẹnikẹ́ni láti bá a pààrọ̀ gílóòbù iná. Àbúrò mi, tí wọ́n ń pè ní Kúkúrú, ló mọ eré básíkẹ́ẹ̀tì gan-an. Lórí kọnkéré ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa, níbi tí àwọ̀n ti já dànù tó ku irin lásán, á dúró lókèèrè, á ju bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù á sì gba àárín irin kọjá láì kàn án. Èmi kàn ń dúró sábẹ́ irin ni, mo ń na ọwọ́.

Lọ́jọ́ kan, kóòṣì kan wá láti òkè òkun, ó ń wá àwọn ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Mo ti pé ogún. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni àbúrò mi. Kóòṣì wo àbúrò mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wo èmi, ó gbé ojú sókè, ó tún gbé e sókè sí i.

"Ìwọ, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

Kí n tó la ẹnu, àbúrò mi ti dáhùn. "Mẹ́rìndínlógún ni, sà."

Ẹnu ẹ̀ ló ti kọ́kọ́ jáde. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti fẹ́ fi ìyẹn tu ara mi nínú, kò ṣiṣẹ́.

Nígbà tí a délé, ìyá wa tú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó yọ ìwé ọjọ́ ìbí àbúrò mi fún mi. "Ọmọ ìyá ni yín," ó ní. "Bí ọwọ́ ọ̀kan bá ti tó o, ọwọ́ èkejì ti tó o nìyẹn." Mo ṣèlérí pé bí ẹsẹ̀ mi bá ti rinlẹ̀ níbẹ̀, màá fa Kúkúrú lọ́wọ́ wá. A ò rò ó rárá pé ìwé wo ni òun náà máa fi rin ìrìn àjò tiẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gọ̀ o, ayọ̀ ló bò wá lójú.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń fi básíkẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ jẹun nìyẹn. Mi ò di gbajúmọ̀ ńlá. Iṣẹ́ mi ni kí n dúró sábẹ́ àwọ̀n, kí n mú bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíì jù tí kò wọlé, kí n sì jẹ ìgúnpá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń sáré jáde sórí pápá, ẹ̀rọ gbohùngbohùn á ké orúkọ àbúrò mi, àwọn èèyàn á sì pariwo. Lọ́dọọdún, wọ́n á gbé kéèkì wá lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, èmi á sì fẹ́ àbẹ́là pa. Ọjọ́ ìbí tèmi máa ń kọjá bí ọjọ́ tí èèyàn fi fọ ìbọ̀sẹ̀. Dókítà ẹgbẹ́ wo àwòrán orúnkún mi nígbà kan, ó ní, "Orúnkún yìí ti dàgbà ju ìwọ fúnra ẹ lọ." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Ní ọdún kẹrin, ó ku ogójì ìṣẹ́jú kí eré kan bẹ̀rẹ̀, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, mo ń di báńdéèjì mọ́ kókósẹ̀, ni fóònù mi bá dún. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà nílé wa ni.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. "Ọkùnrin kan wà níbí tó ní òun fẹ́ lọ gbá básíkẹ́ẹ̀tì lókè òkun. Orúkọ yín ló ń jẹ́, ọjọ́ ìbí yín ló kọ, àwọn òbí yín náà ló kọ. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun lẹ jẹ́, pé ẹ máa ṣàlàyé. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí mo bá ní mo mọ̀ ọ́n, wọ́n á bi mí pé ta ló ni orúkọ. Wọ́n á bọ́ aṣọ ẹgbẹ́ lọ́rùn mi, wọ́n á dá mi padà sílé, ìyá wa á sì padà sínú yàrá kan ṣoṣo tí owó mi ti yọ ọ́ kúrò. Gbogbo ẹ̀ ni mo rò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí n purọ́ fún yín pé ẹnu mi ló yọ̀.

"Rárá o," mo ní. "Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ó dúpẹ́, ó pa fóònù. Mo di báńdéèjì tán, mo jáde lọ ṣeré. Àmì méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo gbà lọ́jọ́ yẹn. Eré mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, kò sì dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìyá wa sọ fún mi pé àbúrò mi sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá fún ọjọ́ méjì, wọ́n sì ti kà á léèwọ̀ fún un láti bá ẹgbẹ́ kankan ṣeré. Wọ́n ní ó jí orúkọ. Ẹ gbọ́ o, orúkọ ara rẹ̀! Kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù mọ́, ó lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Mo ra ẹ̀rọ ìfági ránṣẹ́ sí i, mo ra ti ìgégi, mo ra gbogbo ohun tí iná mànàmáná ń gbé yí. Á ní, "Ẹ ṣé, bọ̀dá mi, ẹ ò ní rí ibi." Àdúrà yẹn ń gún mi bí ẹ̀gún. Mo ń wálé lọ́dọọdún, a ń jẹun pọ̀, mi ò lè sọ ọ́. Mo gbà pé kò mọ ohun tí mo fi dá wọn lóhùn.

Nígbà tí orúnkún kọ̀ jálẹ̀, mo kó padà wálé. Kò sí bẹ́ẹ̀dì tó gbà mí lọ́jà, orí tìmùtìmù nílẹ̀ ni mo ń sùn. Àbúrò mi ní òun máa kan ọ̀kan fún mi. Ó wá lọ́sàn-án Sátidé, pẹ́ńsù létí, téèpù lọ́wọ́, eruku pákó nínú irun tó ti ń funfun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ògiri.

Mi ò lè fara dà á mọ́. "Kúkúrú," mo ní, "wọ́n pè mí lọ́jọ́ yẹn, ní ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ̀ ẹ́."

"Mo mọ̀." Kò yíjú.

"Mo sọ fún wọn pé..."

"Mo gbọ́, bọ̀dá mi. Iwájú ọkùnrin yẹn ni mo jókòó sí. Ó gbé ohùn fóònù sókè kí gbogbo wa lè gbọ́."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa.

Ó fa pẹ́ńsù yọ létí, ó kọ iye tó wọ̀n sára pákó pẹlẹbẹ kan. "Àwọn ọlọ́pàá bi mí léèrè," ó ní. "Ẹ ti ní ẹ ò mọ̀ mí. Bí mo bá takú, wọ́n á dá yín padà. Mo sọ fún wọn pé òótọ́ lẹ sọ, pé mi ò mọ̀ yín rí, pé ṣe ni mo jí orúkọ náà."

Ó na téèpù. "Ẹ dùbúlẹ̀, kí n wọn gígùn yín."

Mo dùbúlẹ̀ sórí tìmùtìmù, mo da ojú bolẹ̀.

"Ẹ̀yìn lẹ máa fi lélẹ̀, bọ̀dá mi. Ẹ yíjú sókè."

Mi ò lè yíjú.