Ọ̀nà Tí Ìyá Àgbà Gbà Dé Etí Ọ̀sà

Mo rántí òórùn òkun àti epo ọkọ̀ ojú omi tó máa ń fẹ́ wá láti Àpápá lọ́sàn-án, tí yóò gba ojú fèrèsé wọ kíláàsì wa ní Amukoko l'Ékòó, níbi tí mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì ya àwòrán ayé sójú pátákó. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí. Olùkọ́ ìtàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mí nígbà náà, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Mi ò kọjá Ìbàdàn rí, síbẹ̀ mo ń sọ̀rọ̀ Éṣíà àti Amẹ́ríkà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ilẹ̀ Áfíríkà yìí ni gbogbo ènìyàn ti ṣí, pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn, wọ́n ń tẹ̀lé ẹran àti omi, ìran kan ń sin òmíràn sójú ọ̀nà, títí wọ́n fi dé ibi tí yìnyín bo ilẹ̀, tí kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tó mọ̀ pé òun ti kúrò nílé. Bí mo bá ń sọ ọ́, ojú mi a máa wo ọ̀kánkán bí ẹni tó ń lálàá.

Lọ́jọ́ kan, mo ní kí wọ́n lọ bi àwọn àgbà ilé wọn léèrè ibi tí wọ́n ti wá. Ìtàn tí wọ́n kó bọ̀ pọ̀: ẹni tí bàbá rẹ̀ àgbà wa ọkọ̀ ojú omi wá láti ilẹ̀ àwọn Ijaw, ẹni tí tirẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ láti Ìlọrin nítorí iṣẹ́ èbúté. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó níwájú wá dìde.

"Àǹtí, ẹ̀yin ńkọ́? Níbo lẹ ti wá?"

Mo gbé àyà sókè. Mo ní ọmọ ọba ni wá, màá mú orúkọ ìlú wa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ohun tí bàbá mi máa ń sọ fún wa nìyẹn. Ẹrù ni wọ́n ń já ní èbúté Kirikiri, gbogbo ẹgbẹ́ wọn ló sì ń pè wọ́n ní Ọmọ Ọba, láti ibẹ̀ dé Warehouse Road ní Àpápá. Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun alásàrí, mo mú bírò àti ìwé, mo jókòó tì wọ́n, mo béèrè orúkọ ìlú náà.

"Kò sí ọba kankan," ni bàbá mi wí.

Wọ́n ní ìyá bàbá àwọn, tó tọ́ àwọn dàgbà, kéré gan-an nígbà tí ogun kó ìlú rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló wà títí wọ́n fi dé oríta kan. Àwọn jagunjagun mú ẹ̀gbọ́n gba ọ̀tún, wọ́n mú òun gba òsì. Ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n tà á títí dé etí ọ̀sà. Nígbà tó yá, òyìnbó gbé ìbọn dé, wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọba, wọ́n sì ní kò sí ẹrú mọ́.

"Wọ́n ní kó máa lọ sílé," ni bàbá mi wí. "Ilé wo? Kò mọ orúkọ ìlú náà. 'Ilé wa' ni ọmọdé máa ń pe ìlú rẹ̀."

Èmi tí mo máa ń kọ gbogbo ìtàn òwò ẹrú ní ìlà méjì sójú pátákó, bírò mi ò kọ nǹkan kan.

"Má sọ ọ́ níta o. Wọn á máa pè wá lọ́mọ ẹrú."

"Mi ò ní sọ ọ́, Bàbá."

Lọ́jọ́ Ajé, ọmọbìnrin yẹn tún béèrè. Mo ní mi ò tíì rí bàbá mi bi. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a; irọ́ tèmi ò tíì lo ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi ń ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá mi rí i.

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Irọ́ ni mo pa."

Ní Ọjọ́bọ̀, mo ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́ ni bàbá mi yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú jalabíà funfun. Wọ́n jókòó sórí àga mi, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀, wọ́n ń fi píjìn là á yé àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Ọmọbìnrin iwájú ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ìrìn."

Bàbá mi, tí mi ò rí omijé wọn rí, ṣí fìlà, wọ́n fi bojú.

Ọ̀rọ̀ náà dé èbúté. Àwọn kan ò pè wọ́n lọ́mọ ọba mọ́, ọ̀rẹ́ wọn kan tilẹ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbangba, ó sì dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà fún wa: bó ṣe ń se ẹ̀wà, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín tí èjìká rẹ̀ á máa mì.

Bàbá mi ti lọ báyìí. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ wọn, ààfáà béèrè ìlú tí òun yóò dá mọ́ orúkọ wọn nínú àdúrà. A wo ara wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní, "Amukoko." Ààfáà pè é bẹ́ẹ̀, gbogbo wa sì ṣe àmín.